Ilé Tí Arulé Kọ́ ní Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀

"Ẹ má mí sí i," ni Awòye wí.

Ẹ gbọ́ mi ná: aboyún tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje, tó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú omi tútù láti òwúrọ̀, tí ọmọ inú ń fi ẹsẹ̀ ta á níhà, kí ẹ̀rọ tí kò tóbi ju ẹ̀gbà ọwọ́ lọ wá máa pàṣẹ fún un pé kó má mí! Ká ní èmi ni, mi ò bá ti bọ́ ọ jù sódò. Ṣùgbọ́n onísùúrù ni Ìbídùnní, iṣẹ́ tó yàn láàyò sì nìyẹn. Ó di èémí mú, ó fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ohun gígùn kékeré kan lábẹ́ òkúta, ó gbé e sínú abọ́ funfun. Ẹni tí kò mọ̀ á ní iyanrìn ló lẹ̀ pọ̀. Àfi bí iyanrìn ṣe yọ orí, tó yọ ẹsẹ̀ mẹ́fà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ara rẹ̀ lọ nínú abọ́.

"Arulé," ni Ìbídùnní wí, ẹ̀rín sì bọ́ sí i lẹ́nu. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ olùyẹ̀wò omi, kò tíì rí arulé kí inú rẹ̀ má dùn. Kòkòrò tó ń fi itọ́ ẹnu rẹ̀ lẹ iyanrìn pọ̀ di ilé, tó ń wọnú rẹ̀, tó ń rù ú kiri ìsàlẹ̀ omi títí dọjọ́ tó máa hu ìyẹ́! Ta ló kọ́ ọ?

"Ìyáàfin Olùyẹ̀wò, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni nínú wọn?" Ọ̀gbẹ́ni Dúródọlá ló pè wá láti etí odò, níbi tó dúró sí lábẹ́ agboòrùn. Òun ni aṣojú iléeṣẹ́ tó ń fi páìpù kó omi òkè lọ sí ìlú ńlá. Lórí àpáta lẹ́yìn rẹ̀, ẹyẹ-irin gbé páìpù kọ́rùn, ó ń kùn, ó dúró sójú kan lófuurufú, ó ń retí àṣẹ rẹ̀. "Ṣé èyí tó ń dá iṣẹ́ dúró ni, àbí èyí tí kò ṣe nǹkan kan? Mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu o. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń tò láti rí omi bù nílùú. Ọmọ tèmi, ife omi kan ló fi ń wẹ̀."

"Mo mọ̀, sà. Ìlú yẹn náà ni mò ń gbé. Ife kan ni ọmọ tèmi náà á fi wẹ̀."

"Olúwa má jẹ̀ẹ́!" Ohùn Màmá Fẹ̀yíntọlá ló ta lé e. Orí ẹrù rẹ̀ tó ti dì ló jókòó lé. "Ta ló máa fi ife kan wẹ ọmọ Àwẹ̀ró? Ṣé mo ti kú ni? Bí mo bá dé ìlú yín, ẹ máa rí bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ."

Ọṣẹ dúdú, kànrìnkàn àti ìgò àdí ló wà nínú ẹrù náà. Lọ́la ni òun àti Ìbídùnní máa jọ kọrí sí ìlú, kó lè wà nílé tí ọmọ bá dé, kó wẹ̀ ẹ́, kó nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, kó jù ú sókè kó tún gbà á. Kì í ṣe Màmá ló bí Ìbídùnní. Nígbà tí òkun gba ilẹ̀ etíkun, tó gbé ilé àti òbí lọ, ọkọ̀ ńlá kan kó àwọn ọmọ tó kù wá sókè. Wọ́n ní kí ẹni tó bá lè tọ́ ọmọ wá mú ọ̀kan. Màmá, tí kò bímọ rí, ló kọ́kọ́ dé ìdí ọkọ̀. Ó gbé ọmọ tó ń sunkún pọ̀n, ó gbé e wá sí Ìdí-Àpáta, abúlé tó wà létí odò Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ ní Àwẹ̀ró, ó ní ọmọ tí òun máa wẹ̀ títí á fi dán ni.

"Ẹ yí orí rẹ̀ sí mi," ni Awòye wí.

Ìbídùnní fi ẹ̀mú yí arulé náà. Ojú tín-ín-rín tó wà lára Awòye tanná, ó wò ó títí.

"Ìlà mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dùbúlẹ̀. Arulé alábàjà ni."

"Ẹ tún un wò, ẹ jọ̀ọ́," ni Dúródọlá wí. "Ṣé kì í ṣe onípélé?"

"Ìlà ti onípélé máa ń dúró lóòró ni, sà," ni Ìbídùnní wí. "Inú odò gbogbo ni onípélé kún. Èyí dùbúlẹ̀, ẹ wá wò ó. Abàjà gidi ni."

Màmá ti dìde. Ó ti ń jó. "Ẹ gbé páìpù yín kúrò lórí òkè wa! Kí ni mo wí? Ẹ̀yin ará ibí, kí ni mo wí?" Kò sí ará ibí kankan nítòsí, oko ni gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dí ijó lọ́wọ́.

"Ó ku ìbéèrè kejì," ni Awòye wí. "Níbo la bí i?"

Ijó Màmá dúró.

Òfin Omi Alààyè kò gùn. Odò tí alábàjà bá ń bí sí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi páìpù kàn án. Ọwọ́ àti igbá nìkan ni ká fi bù ú. Ẹ̀rọ lè dáhùn ìbéèrè kìíní. Ìkejì, ènìyàn ló gbọ́dọ̀ dáhùn rẹ̀, ẹni tó mọ odò náà láti kékeré, kó ti ọwọ́ bọ omi kó sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu, nítorí ẹ̀rọ kò lè búra. Láti ìgbà tí òfin yìí ti dé ni àwọn kan ti ń jí kòkòrò gbé láti odò kan dé òmíràn, wọ́n á gbé e dé lónìí, wọ́n á ní baba ńlá àwọn ló bá a níbẹ̀.

Ìbídùnní mú awò rẹ̀, ó wo ilé arulé náà. Ojú ló ń sọ ẹni tí arulé jẹ́. Ilé rẹ̀ ló ń sọ ibi tó ti wá. Ìdí ilé ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nígbà tó wà ní kékeré, bó sì ṣe ń dàgbà ló ń lẹ tuntun mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà èyí dára, ó rẹwà gan-an: iyanrìn pupa ilẹ̀ Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, pẹ̀lú ègé ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti ìlẹ̀kẹ̀ búlúù láàárín rẹ̀. Kò sí odò mìíràn tí arulé ti ń fi ìlẹ̀kẹ̀ kọ́lé. Ní Ìdí-Àpáta, lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ wẹ ọmọ tuntun, ìyá àgbà ilé á já ìlẹ̀kẹ̀ kan nínú ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀, á fi òkúta fọ́ ọ wẹ́wẹ́, á dà á sódò níbi ìwẹ̀, kí omi lè mọ̀ pé ẹnì kan ti kún ilé.

Ìbídùnní yí ilé náà, ó wo ìdí rẹ̀.

Iyanrìn dúdú ni. Dúdú tó ń dán bí ojú ológbò. Ó mú arulé kejì, ó mú ẹ̀kẹta, ó wo gbogbo èyí tó wà nínú abọ́. Bákan náà ni. Kò sí iyanrìn dúdú ní Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Odò Ajépé ló ní in, níbi tí wọ́n rán Ìbídùnní lọ ṣiṣẹ́ ní ọdún tó kọjá, níbi tí Màmá ti wá kí i.

Ó bọ́ Awòye lọ́wọ́, ó fi kọ́ ẹ̀ka igi. "Sà, ẹ jẹ́ kí n sinmi ẹ̀yìn mi díẹ̀," ló wí fún Dúródọlá.

"Ẹ sinmi, ẹ sinmi. Aboyún kọ́ ni wọ́n ń kán lójú."

Ó di Màmá lọ́wọ́ mú, wọ́n rìn dé ẹ̀yìn àpáta, níbi tí ariwo omi ti bo ohùn èèyàn.

"Màmá, kí ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn?"

"Kẹ́ẹ̀gì wo?"

"Kẹ́ẹ̀gì tí ẹ gbé lé itan láti Ajépé, tí ẹ ò jẹ́ kí awakọ̀ fọwọ́ kàn."

"Ṣebí mo sọ fún ọ. Àgbo ni."

"Àgbo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà?"

Màmá gbójú sókè bí ẹni tó ń wò ó bóyá òjò máa rọ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ kó tó lọ.

"Ìwọ náà lo fi wọ́n hàn mí," ló wí. "O ní, Màmá, ẹ wá wo ojú wọn. O ní ibi tí wọ́n bá wà, kò sẹ́ni tó lè fi páìpù débẹ̀. Kí lo wá rò pé màá ṣe? Kí n káwọ́ gbera kí n máa wo ibi tí mo ti wẹ̀ ọ́?"

"Wọ́n á mú yín, Màmá."

"Kí wọ́n mú mi! Mo mọ òfin. Àwẹ̀ró, gbọ́. Ohun tí ojú rẹ rí ni kó o sọ. Mi ò tọ́ ọ kó o wá ki ọwọ́ bọ omi purọ́ nítorí mi. Ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀ o! Ohun tí mo kọ́kọ́ gbé wá síbí, ibi tí omi ti gbé ilé wọn lọ ni mo ti gbé e. Ó yè. Ó dàgbà. Òun ló ń tẹjú mọ́ mi báyìí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìbídùnní lára, omijé sì bọ́. Ó fẹ́ràn ìyá yìí ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù, "Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀," Awòye á gbà á, Dúródọlá á gbé páìpù rẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó máa yí ìdí ilé arulé wò láéláé. Ẹ má dá a lẹ́jọ́. Ta ni nínú wa tí kò ní ro irọ́ wò nítorí ìyá rẹ̀? Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé tóun bá purọ́ nínú omi yìí lẹ́ẹ̀kan, òun ò ní lè wẹ ọmọ òun nínú rẹ̀ kí ojú má ti òun. Irọ́ bó lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń bá a.

"Àwọn ti àkọ́kọ́ ló dùn mí," ni Màmá wí, ó ń fi etí aṣọ nu ojú.

"Àkọ́kọ́ kẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé wọn wá. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wá kí ọ, àti ìgbà tí mo padà wá. Àwọn ti àkọ́kọ́, a ti mọwọ́ ara wa. Àràárọ̀ ni mò ń lọ kí wọn. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ kọ́lé. Ọjọ́ kan báyìí, mo débẹ̀, gbogbo wọn ti fi òkúta dí ẹnu ọ̀nà wọn pa. Mo kanlẹ̀kùn títí, wọn ò dáhùn. Nígbà tó yá, ilé ṣófo. Wọ́n kú. Mo sunkún, Àwẹ̀ró! Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ mú òmíràn."

Ìbídùnní yíjú sí i. "Wọ́n dí ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà ilé ṣófo?"

"Ṣófo gbáko."

"Lẹ́yìn ìyẹn, ṣé ẹ rí àfòpiná kankan nídìí iná yín? Kéékèèké, tí ìwo wọn gùn ju ara wọn lọ, tí irun bo ìyẹ́ wọn, tí wọ́n bá bà lé nǹkan, wọ́n á pa ìyẹ́ dé bí òrùlé?"

"Àwọn aláìnítìjú yẹn! Wọ́n kún inú ọbẹ̀ mi! Ìgbálẹ̀ ni mo fi gbá gbogbo wọn jù síta."

"Yéè! Màmá! Àwọn ọmọ yín lẹ gbá jù síta!"

"Kí lo wí?"

"Wọn ò kú. Wọ́n hu ìyẹ́ ni! Bí arulé bá fẹ́ hu ìyẹ́, á tilẹ̀kùn mọ́ra ná." Ìbídùnní ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti ń sunkún, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. "Tí wọ́n bá sì ti hu ìyẹ́, inú omi ni wọ́n ń padà yé ẹyin sí. Màmá, níbo lẹ da wọn sí?"

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ibi ìwẹ̀. Ẹ wo aboyún àti ìyá arúgbó, wọ́n káṣọ, wọ́n ń dojú òkúta dé ní ìkọ̀ọ̀kan, Màmá ń bẹ gbogbo òkúta kó tó gbé e: "Jọ̀ọ́, ìwọ náà fojú àánú wò mí." Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí nǹkan. Lábẹ́ òkúta pẹlẹbẹ kan tó wà nínú òjìji ni Ìbídùnní ti rí ohun tí kò ju kóró ata lọ. Ó lẹ̀ mọ́ òkúta. Ó ń rìn.

Ó pe Dúródọlá, ó ní kó mú Awòye bọ̀. Ọkùnrin náà bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò, ó wọ odò wá.

"Ó kéré jù," ni Awòye wí, nígbà tó wò ó tán. "Ìlà ojú rẹ̀ kò tíì hàn. Ó lè jẹ́ alábàjà. Ó lè jẹ́ onípélé. Kò dá mi lójú."

"Tó bá jẹ́ onípélé, ẹ dákun," ni Dúródọlá wí jẹ́jẹ́, "ẹ mọ̀ pé màá ní kí páìpù sọ̀."

"Mo mọ̀, sà."

Ìbídùnní já ewé koríko tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ tì í láti ihò ìdí ilé, pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ lójú oorun. Arulé náà bínú. Ó sá jáde ní ìhòòhò, funfun, ó ká kò. Ìbídùnní gbé awò lé ojú.

"Ìkọ́ méjì wà nídìí rẹ̀ tó fi ń di ilé mú," ló wí sókè ketekete kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Àwọn méjèèjì ló ní ìyẹn. Irun tó fi ń mí ní ikùn wà ní ìdì-ìdì. Ti onípélé máa ń wà lẹ́yọ ẹyọ. Ó ku ẹ̀yìn àyà. Ìpẹ́ líle mẹ́ta ni alábàjà máa ń ní níbẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, odidi ni gbogbo wọn. Ti onípélé, ìkẹta máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni."

Arulé ká ara rẹ̀ bo ìkẹta. Wọ́n dúró. Màmá di apá Dúródọlá mú láìmọ̀, ọkùnrin náà kò sì gbà á padà. Kòkòrò náà na ara.

"Odidi ni," ni Ìbídùnní wí. "Ìkẹta pé. Alábàjà ni."

Ó wo ilé kékeré tó ti ṣófo náà, láti ìdí títí dé ẹnu ọ̀nà. Iyanrìn pupa. Ègé ìlẹ̀kẹ̀ búlúù kan, ńlá lójú rẹ̀. Iyanrìn pupa. Kò sí dúdú kankan níbẹ̀. Ó gbé ilé náà sí ẹ̀gbẹ́ onílé. Arulé fi ọwọ́ tọ́ ọ wò, ó yíra padà, ó fi ìdí wọlé rẹ̀, ó sì yọ orí jáde bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìbídùnní ki ọwọ́ ọ̀tún bọ omi.

"Níbo la bí i?" ni Awòye bèèrè.

"Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni wọ́n bí èyí sí. Àwọn tó wà nínú abọ́ funfun, Ajépé la bí wọn sí, ẹnì kan ló gbé wọn wá. Àwọn òbí èyí náà, gbígbé la gbé wọn wá. Ṣùgbọ́n òun, ibí la bí i sí. Ọmọ ibí ni."

Ojú Awòye tanná. "Mo gbà á. Odò Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ di alààyè. Ta ló gbé wọn wá?"

Kí Ìbídùnní tó la ẹnu, Màmá ti ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ omi.

"Èmi Fẹ̀yíntọlá ni. Ẹ má bi ọmọ mi."

"Ẹni tó bá gbé ẹ̀dá kọjá odò di olùṣọ́ odò," ni Awòye wí. "Kò gbọ́dọ̀ rìn kọjá ibi tí ariwo omi náà dé, títí àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀dá náà yóò fi hu ìyẹ́."

Dúródọlá ló kọ́kọ́ mira. Ó gbọ́wọ́ sókè sí ẹyẹ-irin, ẹyẹ-irin yíra padà, ó gbé páìpù rẹ̀ kọjá lórí àpáta, kíkùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ìlú á máa yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun mu nìyẹn," ló wí, ó mí kanlẹ̀. Màmá wo ojú rẹ̀. Ó lọ mú ìgò tó wà nínú àpò ọkùnrin náà, ó bu omi kún un, ó tì í sí i lọ́wọ́. "Gbé e fún ọmọ rẹ. Ọwọ́ ni mo fi bù ú. Nígbàkígbà tó o bá ń kọjá, yà." Dúródọlá dọ̀bálẹ̀ tòun ti ẹsẹ̀ tútù, kó tó gun òkè lọ.

Ìgbà náà ni Màmá padà sídìí ẹrù rẹ̀. Kò jókòó lé e mọ́. Ó ń wò ó.

"Ta ló máa wá wẹ ọmọ mi báyìí?" ló bèèrè. "Àwọn ará ìlú yẹn ò mọ bí wọ́n ṣe ń na ọmọ."

Ìbídùnní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìnira, ó tú ẹrù náà. Ó mú ọṣẹ dúdú, ó mú kànrìnkàn, ó kó wọn wọlé lọ, ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sórí àjà ibi tó ti mọ̀ wọ́n láti kékeré. Nígbà tó jáde, ó ti bọ́ bàtà ìlú rẹ̀.

"Ẹ lọ gbá yàrá mi fún mi, Màmá. Màá ránṣẹ́ sí ọkọ mi kó máa bọ̀."

Màmá wò ó, ó wo ikùn rẹ̀, ó tún wo ojú rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìró, ó fà, ó já ìlẹ̀kẹ̀ kan jáde, ó gbé e lé orí àpáta, ó sì wá òkúta tó máa fi fọ́ ọ.

"Màmá, ọmọ ò tíì dé o!"

"Mo mọ̀. Tiwa ń bọ̀." Ó kó ègé ìlẹ̀kẹ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó rọra dà á sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta pẹlẹbẹ. "Àwọn wọ̀nyí ló ti bí tiwọn, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì kí wọn kú ewu."